Kí O Tó Kọ Orúkọ Ìyá Rùká Sílẹ̀

Ìkòròdú,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àlàbí, ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa ọ́ nígbà tí Ìyá Dámi, aládùúgbò wa, bá gbé àpò yìí lé ọ lọ́wọ́, tí o sì rí ìwé tí mo ká sórí kúlà ìkọ́kọrẹ́. Wàá ní, "Mummy yìí náà! Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinyìí?" Èmi ni mo ń kọ ọ́. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, n kò ní tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí wàá ti máa sọ pé "ẹn-ẹn, mo ti gbọ́, Mummy", tí ọkàn rẹ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ìwé kò ṣeé dá lóhùn kó tó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Nítorí náà, jókòó, jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ kó tó tutù, kí o wá fara balẹ̀ kà mí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un sọ pé inú mi dùn. O kò tíì lò ju oṣù kan lọ ní Ẹ̀pẹ́, o ti gba yàrá tìrẹ, wọ́n sì ti fi gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ẹja yẹn sí ìkáwọ́ rẹ. Gbogbo ẹ́sítéètì wa ló ti gbọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì pàápàá ti ń bi mí pé, "Mummy Kọ̀ǹpútà, Kọ̀ǹpútà kékeré ńkọ́?" Bàbá rẹ ní iṣẹ́ èmi lo jogún, pé òun kò rí ẹni jogún iṣẹ́ tíṣà òun. Mo ní kó má bínú, pé orí pípá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá ọ láìpẹ́, ìyẹn náà ogún ni.

Àmọ́ ìpè tí o pè mí lánàá kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹja, tó ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tí yóò fa omi tuntun sínú táǹkì àwọn ọmọ ẹja. O ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan pa ìlà tó ń pàṣẹ omi ìdájí rẹ́ nínú ètò náà, ẹ̀rọ kò fa omi, ọmọ ẹja sì kú rẹpẹtẹ. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o wá orúkọ ẹni tó ṣe é, kí o kọ ọ́ sínú ìròyìn, kí o gbé e síwájú òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. O ní o ti rí orúkọ náà, pé Ìyá Rùká ni, obìnrin tó ti ń bọ́ ẹja níbẹ̀ kí ìwọ tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Mo bi ọ́ pé kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ. O ní ó ń sunkún, pé òun kò tilẹ̀ sí níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, pé òun gbé ọmọ ọmọ òun lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí mo ní ṣé o gbà á gbọ́, ohun tí o sọ kò tíì kúrò létí mi: "Mummy, orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Òótọ́ ni, kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan lo kà. Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ka ìdajì rí, àgbàlagbà kan ló sì jìyà rẹ̀. N kò sọ ìtàn yìí fún ọ rí, ìtìjú ni kò jẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Industrial Estate níbí, mo kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Mo ti kàwé, mo ti gba sáàtífíkéètì, mo rò pé n kò tún ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ mọ́. Èmi ni mo ń ṣètò bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé o mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá rẹ, nítorí ohun tí a bá lè là yé tíṣà Yorùbá ni a lè sọ pé ó yé àwa náà.

Oríṣi àkáǹtì méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti dòméènì, ìyẹn agbo gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àkóso kan. Sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní ọ́fíìsì wa, ló mọ ẹni tó ni ín. Ibi yòówù kí òṣìṣẹ́ jókòó sí nínú ilé iṣẹ́, tó bá ti tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ á bi sáfà léèrè, sáfà á ní, "Mo mọ̀ ọ́n, jẹ́ kó wọlé." Èkejì ni àkáǹtì inú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ló mọ̀ ọ́n, sáfà kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wo ẹ́sítéètì wa yìí: orúkọ wa wà nínú ìwé àwọn tó ń ṣọ́ géètì, gbogbo ojúlé ló sì ń tẹ̀lé ìwé náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa, àwa nìkan la ni ín. Bí alága ẹ́sítéètì bá fi bírò fa orúkọ wa rẹ́ lónìí, kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì máa ṣí ilẹ̀kùn wa.

Alhaji Kásálì ló jẹ́ olórí yàrá tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun nígbà náà. Ó ju bàbá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé kí kálukú máa pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lóṣooṣù, èmi ni mo sì ń lọ sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá náà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, pásíwọ́ọ̀dù yín ti kú o. Ẹ máa yan òmíràn."

Alhaji gbójú sókè. "Ta ló pa á?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà.

"Ìwọ ọmọ àná yìí," ó ní, "ṣé ìwọ lo máa máa sọ ìgbà tí mo máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún mi? Oṣù tó kọjá lo wá, oṣù yìí o tún wá. Ṣé olè ni mí ni?"

Mo dìde, mo padà sí ọ́fíìsì. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé wa ni pé èèyàn kì í dààmú àgbà. Mo wá dá ọgbọ́n kan, ọgbọ́n tí mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Mo padà síbẹ̀ lọ́sàn-án, mo sì ṣe àkáǹtì mìíràn fún un nínú kọ̀ǹpútà yàrá ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀, orúkọ kan náà, lẹ́tà kan náà. Mo ṣe é kí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ má kú láéláé. Mo ní, "Alhaji, ẹ ò ní pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ sà." Àdúrà tó gbà fún mi lọ́jọ́ yẹn kúrò ní kékeré. Ó ní alùbáríkà á wà nínú iṣẹ́ mi, ó ní ọkọ rere á wá mi rí. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹja gbígbẹ láti Èbúté wá fún mi. Ẹja yẹn ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó dùn jù tí mo jẹ rí, n kò sì mọ̀ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni mò ń jẹ.

Alhaji kì í fi ọwọ́ tí ìyẹ̀fun bò kan kọ̀ǹpútà. Bó bá fẹ́ ṣí i, ìdí ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun ló ti máa pariwo pé, "Ẹ bá mi ṣí i! Ẹ tẹ oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin!" Gbogbo yàrá ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ta omi lẹ́nu géètì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ó ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo ti gbàgbé pé mo ṣe nǹkan kan bẹ́ẹ̀, ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan yí iye iyọ̀ padà nínú ìwé ìpo-ìyẹ̀fun tó wà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì po ìyẹ̀fun ọjọ́ kan gbáko bẹ́ẹ̀. Mo tọ́ bisikíìtì náà wò. Ajá tó ń sùn nídìí géètì gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní, "Wá ẹni tó ṣe é fún mi." Mo ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, mo rí "kasali", mo kọ ọ́ pé Alhaji Kásálì ni. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tilẹ̀ ń yangàn pé mo yára.

Wọ́n ní kí Alhaji lọ máa sinmi nílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Bó ṣe ń jáde lọ, ó yà sídìí tábìlì mi, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. N kò rí orí rẹ̀ láìsí fìlà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣó o rí mi níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀."

Ó mi orí, ó sì lọ wọkọ̀ ní Benson. Ṣé o wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá fi gún mi láyà? Ọ̀rọ̀ mi gan-an lo sọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n ti àkáǹtì Alhaji pa. Mo wọ sáfà, mo ṣí orúkọ rẹ̀, mo sì rí ọjọ́ tó lo àkáǹtì náà kẹ́yìn. Ó ti ju ọdún kan lọ! Báwo ni ẹni tí kò wọlé láti ọdún kan ṣe yí iyọ̀ padà níjẹta? Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ọgbọ́n tí mo dá. Mo sáré lọ sí yàrá ìyẹ̀fun, mo ka ìlà náà látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ ló wà ṣáájú "kasali". Orúkọ kọ̀ǹpútà yàrá ìyẹ̀fun ló wà níbẹ̀. Àkáǹtì inú ẹ̀rọ ni, èyí tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe, tí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ sì mọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i. Ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́.

Ohun tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa lé mi, torí mo rú òfin. Mo ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ Alhaji náà ni, ṣebí ó wà níbẹ̀. Mo ń jẹun, mo ń rẹ́rìn-ín, baba ọlọ́mọ kan jókòó sílé rẹ̀ nítorí mi. Àwọn àgbà ní àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èmi fi í pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì rọrùn.

Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ bá ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé:

"Ṣó o wá mọ ẹni tó ṣe é báyìí?"

"Mi ò mọ̀ sà," mo ní. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò mọ̀."

Wọ́n fún mi ní ìwé kúẹ́rì, pé kí n wí tẹnu mi. Wọ́n fi ìgbéga tí ó yẹ kí n gbà lọ́dún yẹn dù mí, n kò sì bá wọn jà. Wọ́n pe Alhaji padà. Títí di òní yìí, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó yí iyọ̀ yẹn padà. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Àkáǹtì tí èèyàn mẹ́wàá jọ ń lò kò lè tọ́ka sí ẹnì kan.

Èmi àti màmá mi, ìyá àgbà rẹ, lọ sílé Alhaji lọ bẹ̀ ẹ́. A kúnlẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ní ká dìde, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ó ní, "Mo ti dárí jì í. Ọmọ mi ni." Ó sì ṣe bí baba lóòótọ́. Ó padà sórí àkáǹtì dòméènì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ láàárín àwa méjèèjì. Bí oṣù bá ti pé, á dúró ní àárín ọgbà, á pariwo pé, "Kọ̀ǹpútà! Mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mi o! Ìwọ ńkọ́?" Ó wà níbi ìkómọ rẹ, ó gbé ọ, o sì tọ̀ sí i lára. O ní kì í ṣe ìwọ? Bi bàbá rẹ.

Ó yá, jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Èkíní, kí o máa ka orúkọ látòsì. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, apá méjì ni orúkọ máa ń ní, ìlà dídagun kan ló sì máa ń wà láàárín wọn. Ojú gbogbo wa máa ń sáré lọ sí apá kejì, torí ibẹ̀ ni orúkọ èèyàn wà. Apá kìíní ló ń sọ ẹni tó mọ onítọ̀hún. Bó bá jẹ́ orúkọ dòméènì ilé iṣẹ́ yín ló wà níbẹ̀, sáfà ló jẹ́rìí sí i. Bó bá jẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà náà ni, inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ pin sí. Bí o bá rí àmì tóótó kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ló ń pe ara rẹ̀. Bí o kò bá rí nǹkan kan, má méfò. Dìde, lọ bá ẹ̀rọ náà, kí o wo àwọn tó mọ̀ lórúkọ, kí o sì fi wé àwọn tí sáfà mọ̀.

Èkejì. Orúkọ kan náà kò sọ àkáǹtì méjì di ọ̀kan. Ìbejì lè wọ aṣọ kan náà, ìyá wọn mọ̀ pé ẹnu méjì lòun ń bọ́. O lè yí pásíwọ́ọ̀dù ti orí sáfà padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ti inú ẹ̀rọ á ṣì wà bó ṣe wà. Bákan náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí o sì ti tirẹ̀ pa lórí sáfà, o kò tíì ṣe tán. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé ìdí gbogbo kọ̀ǹpútà tó jókòó sí rí. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ, o kò mọ irú ọgbọ́n tí òun náà dá, o kò sì mọ ẹni tó gbé ẹja wá fún un.

Ẹ̀kẹta, má torí ìtàn mi kórìíra àkáǹtì inú ẹ̀rọ. Ó níṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn, mo gbógun tì í, gbogbo èyí tí mo bá rí ni mò ń pa. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, kọ̀ǹpútà akọ̀wé ọ̀gá wa ń ṣe ségesège, mo ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú dòméènì, kí n tún un dá padà. Mo yọ ọ́ tán, ó kú, ó jí, ó ní kí n dárúkọ ẹnì kan tí òun mọ̀. Kò mọ èmi. Kò mọ akọ̀wé. Àkáǹtì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ti lọ sílùú òyìnbó. Mo ti ara mi mọ́ ìta! Bàbá rẹ, tí a ṣì ń fẹ́ra nígbà náà, dúró dè mí ní Benson títí oòrùn fi wọ̀, ó rò pé mo ti yí ọkàn padà. Tó bá jẹ́ onínúfùfù ni, o kì bá tí sí láyé. Nítorí náà, fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí pásíwọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀ síra, kí o kọ wọ́n pamọ́ síbi tí ọ̀gá rẹ náà mọ̀. Kí o sì dán an wò kí o tó yọ ẹ̀rọ kankan kúrò nínú dòméènì.

Jẹ́ kí n fi èyí kún un kí n má gbàgbé: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí ẹnì kan sì rí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣí, má sáré sọ pé àkáǹtì inú ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ̀rọ máa ń rántí ẹni dòméènì tó ti wọlé síbẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀pẹ́ kún fún àgbà, wọ́n á máa pè ọ́ ní ọmọ mi, wọ́n á sì sọ pé kí o bá àwọn dín wàhálà kù. Dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá dìde, kí òfin bá ọ dìde. Kàkà kí o ṣe ọ̀nà ẹ̀yìn fún wọn, jókòó tì wọ́n. Pásíwọ́ọ̀dù kọ́ ló ń bí Alhaji nínú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé mo ń sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká ní mo fi sùúrù kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn yìí kì bá tí sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀wọ̀ tó rọrùn ni mo fún un, ọ̀wọ̀ tó gba sùúrù ló tọ́ sí i.

Ẹ̀karùn-ún, jẹun. Ẹja tútù kò wọ́n ọ ní Ẹ̀pẹ́, má jẹ́ kí n gbọ́ pé nudú lò ń sè ní gbogbo àárọ̀. Máa pe bàbá rẹ náà, kì í sọ ọ́ ni, ó máa ń wo fóònù mi bí o bá pè mí. Bí o bá sì ti rí ẹni tó wù ọ́ níbẹ̀, má fi pamọ́ fún mi, ojú mi ṣì ń ríran dáadáa.

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ Ìyá Rùká. N kò sọ pé kì í ṣe òun. Èmi tí mo wà ní Ìkòròdú, kí ni mo mọ̀? Mo kàn mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. O ti gbọ́ ẹjọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn náà o kò gbọ́ ọ tán. Gbọ́ ti obìnrin náà. Béèrè ọjọ́ àti aago tó lọ sí ọsibítù, kí o fi wé aago tó wà nínú àkọsílẹ̀. Béèrè ẹni tó tún máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé orúkọ dòméènì ló wà ṣáájú orúkọ rẹ̀, béèrè bóyá ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn. Ta ló máa rántí kọ̀ǹpútà nígbà tí ara ọmọ bá ń gbóná?

Ọ̀gá rẹ á fẹ́ orúkọ, torí ọmọ ẹja tó kú ń dùn ún. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa fi orúkọ èèyàn rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bó bá bínú sí ọ, inú á rọ̀ tó bá yá. Bó bá ní o kò mọṣẹ́, fi ìlà náà hàn án, kí o là á yé e bí mo ṣe là á yé bàbá rẹ.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ nípa Alhaji. Mo ní ó dárí jì mí, mo ní ó padà sẹ́nu iṣẹ́, òótọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ láti ọjọ́ tó padà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́fà gbáko, kò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ pe ẹnì kan. Ẹni yòówù tó bá wà nítòsí ni, kódà kó jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Á ní, "Jọ̀ọ́, wá dúró tì mí níbí, kó o máa wo ohun tí mò ń tẹ̀." Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ó ti mọ́ ọn lára ni. Mo máa ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà kọjá, mo máa ń rí i, àgbàlagbà tó mọṣẹ́ rẹ̀ dénú eegun, tó ń wá ẹlẹ́rìí kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọ̀gá rẹ tó dé, lọ sí ilé ẹja, tan kọ̀ǹpútà yẹn, kí o ka ìlà náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá jẹ́ òun, kọ ọ́ pé òun ni. Bí o kò bá mọ̀, kọ ọ́ pé o kò mọ̀, kí o sì fọwọ́ sí i.

Olúwa á máa ṣọ́ ọ fún mi.

Ìyá rẹ ni.